Lee-Enfield tí wọ́n ti gé igi iwájú rẹ̀: báwo ni mo ṣe lè tún igi rẹ̀ ṣe?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn kan wà lọ́wọ́ mi, SMLE No. 1 Mk III*, ìyẹn irú Lee-Enfield kúkurú tí àwọn ológun lò. Lithgow (ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní Australia) àti 1942 ni wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di ìbọn ọdẹ: ó fi ayùn gé igi iwájú díẹ̀ síwájú òrùka irin àárín, ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ roboto, ó sì yọ igi méjèèjì tó máa ń bo ọ̀pá lókè sọnù. Fánííṣì dídán ló wá kùn sí gbogbo rẹ̀, ó sì ti ń ṣí báyìí bí ejò tó ń bọ́ awọ. Igi ìdí ti jìn wọlé níbi mélòó kan, àyíká àwọn síkúrù ti dúdú, ìlà tín-ín-rín kan sì wà lẹ́yìn igi iwájú níbi tó ti pàdé irin. Wọn ò gé ọ̀pá irin, mo wọ̀n ọ́n, 640 mm ni.

Ohun tí mo fẹ́ ni kó padà sí bó ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Mo rò ó pé kí n fi sáńpépà ha fánííṣì náà tán, kí n lẹ igi mọ́ iwájú, kí n wá fi òróró línsíìdì pa á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ṣe é? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́_Ayùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sáńpépà yẹn sílẹ̀ ná. Ó ń ba igi ìbọn àtijọ́ jẹ́ ju ayùn ẹni tó gé e lọ. Ibi tí ayùn ò dé ṣì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n gbogbo ara ni sáńpépà ń jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìbọn yìí, igi ga ju irin lọ díẹ̀ níbi tí méjèèjì ti pàdé, pàápàá létí irin ìdí. Bí ẹ bá ha á, igi á rẹlẹ̀ sí irin, kò sì sí òróró tó lè dá a padà. Àwọn àmì tí àwọn olùyẹ̀wò tẹ̀ sára igi náà á bá a lọ.

Oògùn tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀dà ni kí ẹ lò, èyí tó ki, tí kì í ṣàn. Ẹ kùn ún nípọn, ẹ jẹ́ kó rọ fánííṣì dáadáa, kí ẹ wá fi pèlébé igi tàbí ike gbá a kúrò. Ẹ má fi irin há a. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ dára fún kọ̀rọ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ tún un kùn, kí ẹ wá fi tàpẹ́ńtáìnì nù ún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Bàbá_Onígi

Òótọ́ ni Àdùkẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, fánííṣì kọ́ ni ìṣòro rẹ. Ìlà tín-ín-rín tí o kàn fẹnu bà yẹn ni ìṣòro.

Kọ́kọ́ yọ bóòtù (irin tí ọwọ́ ń fà sẹ́yìn láti ki ọta bọ ìbọn) àti àpótí ọta, kí o wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn, kí ó dá ọ lójú pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìgbà náà lo tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Lórí No. 1, ohun tí a kọ́kọ́ tú ṣe pàtàkì. Má fọwọ́ kan igi ìdí kí igi iwájú tó kúrò. Irin gígùn oníṣíkúrù kan ló gba inú igi ìdí kọjá tó dì í mọ́ ara ìbọn. Ṣónṣó irin yẹn ní igun mẹ́rin, ó sì wọ inú irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó wà lẹ́yìn igi iwájú, kí ó má baà tú fúnra rẹ̀. Bí o bá yí i nígbà tí igi iwájú ṣì wà lórí ìbọn, igun mẹ́rin yẹn á fi irin pẹlẹbẹ náà la igi sí méjì. Mi ò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìlà tìrẹ ti wá.

Bí igi iwájú bá ti kúrò, ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lára irin ìdí. Ibẹ̀ ni àwọn ológun ń fi ìgò òróró àti okùn ìnu ọ̀pá sí. Tú irin ìdí náà kúrò, kí o sì tan iná sínú ihò. Awọ kan lè wà níbẹ̀ tí wọ́n kì bo orí irin gígùn náà. Fà á jáde kí ìtú-síkúrù tó wọlé. Ẹni tó bá ti ìtú-síkúrù lu awọ yẹn, tó wá ń fi agbára yí i, igi ìdí ló máa là.

Wá yí inú igi iwájú náà sókè, kí o wo inú rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí ara irin ń jókòó. Ibi méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí irin máa ń tì nígbà tí ìbọn bá dún. Gbogbo ìtasẹ́yìn ìbọn, ibi méjì yìí ló ń gbà á. Bí wọ́n bá ti jẹ, irin á máa sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn igi á wá máa forí gbá ihò irin tí igi ìdí wọ̀, yóò sì là. Ó yẹ kí àlàfo tín-ín-rín wà níbẹ̀ nígbà tí o bá to ó pọ̀. Bí bébà ò bá lè kọjá níbẹ̀, àlàfo ti tán nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ igi iwájú tí Lithgow ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní bàbà pẹlẹbẹ níbi méjèèjì yìí. Wò ó bóyá tìrẹ ṣì wà, kí o tó padà wá bá wa sọ̀rọ̀ igi tí a ó lẹ̀ mọ́ iwájú.

Ọdẹ_Àárọ̀

Kí ni ìbọn ọdẹ ṣe yín gan-an? Lẹ́yìn ogun, àìmọye ìbọn wọ̀nyí ni wọ́n tà fún ará ìlú. Àgbẹ̀ àti ọdẹ ló rà wọ́n, wọ́n gé igi wọn kí wọ́n lè fúyẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ju èyí tí wọ́n lò lójú ogun lọ. Ìtàn ìbọn yẹn náà ni ìyẹn. Ilé iṣẹ́ Parker-Hale ní Birmingham pàápàá máa ń tún wọn ṣe tà nígbà náà, àwọn kan sì ń wá irú wọn kiri báyìí. Ẹ kàn bọ́ fánííṣì yẹn, ẹ fi òróró pa á, ó parí.

Bí ẹ bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ máa dá a padà, ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá dáadáa. Ní Australia, pàápàá ní New South Wales, òfin dí ará ìlú lọ́wọ́ nígbà kan láti máa lo ọta ológun. Nítorí náà wọ́n yí ọ̀pọ̀ ìbọn .303 (ìwọ̀n ọta ológun tí Lee-Enfield ń lò) padà sí .303/25, ìyẹn ọta kan náà tí wọ́n fún lọ́rùn kó lè gba orí kékeré. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọ̀pá rẹ̀ kì í ṣe ti ológun mọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ọta .303 sínú rẹ̀ láé, bó ti wù kí igi rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ìtàn_Ogun

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ .303/25. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Parker-Hale àti iṣẹ́ ẹni tó fi ayùn gé igi lẹ́yìnkùlé rẹ̀ yàtọ̀ síra. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe ní àmì wọn lára, ó sì yẹ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú àlàyé rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ pé, ara irin rẹ̀ pé, igi nìkan ló lọ. Irú ìbọn tó ṣeé dá padà gan-an nìyẹn.

Mo fẹ́ ṣàtúnṣe kan kó tó di pé ẹnì kan ní kó lọ wá walnut. Ìbọn tí ilé iṣẹ́ Enfield àti BSA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, igi walnut ló wà lára wọn. Ní Lithgow, igi ilẹ̀ Australia ni wọ́n yí sí, coachwood ló sì wọ́pọ̀ jù nígbà Ogun Kejì. Àwọ̀ coachwood pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, iṣan rẹ̀ tẹ́, kò ní àwọn ìlà dúdú walnut. Bí ẹ bá lẹ walnut mọ́ coachwood, wọn ò ní jọra láé, kódà bí ẹ bá kùn ún láró. Ẹ bọ́ fánííṣì kékeré kan nínú kọ̀rọ̀ lábẹ́ irin ìdí kí ẹ lè rí àwọ̀ igi náà gan-an.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti tú u bí Bàbá ṣe wí. Awọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti gbẹ, ó le bí okúta, mo fi ìkọ́ kékeré fà á jáde. .303 ló wà lára ọ̀pá, kò sí nǹkan míì tí wọ́n tẹ̀ lé e. Coachwood ni igi náà, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí Ìtàn_Ogun ṣe sọ. Bàbà pẹlẹbẹ wà lọ́tùn-ún àti lósì, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ń mì, igi ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú, ó rọ̀, èékánná ń wọ inú rẹ̀. Ìlà yẹn gùn tó oríkèé ìka kan. Òróró ìbọn ti mu igi náà yó, ó ń rùn.

Ajíṣafẹ́

Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná. Gbogbo òróró á jáde lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí ẹni tó ṣe é, igi rẹ̀ mọ́ fínnífínní.

Atúnṣe

Ajíṣafẹ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó mọ́ lọ́nà mìíràn. Omi gbígbóná àti ooru gbígbẹ tó tẹ̀ lé e máa ń lọ́ igi. Igi iwájú SMLE tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, wọ́n sì ti gbẹ́ inú rẹ̀. Bó bá lọ́ díẹ̀ péré, yóò máa ti ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi náà á tún fẹ ìlà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tó pẹ́ ló dára. Ẹ ra ẹfun lẹ́búlẹ́bú, ẹ fi acetone (irú omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) pò ó kó ki, kí ẹ kùn ún sí ibi dúdú náà. Acetone á wọlé lọ tú òróró, bó bá sì ṣe ń gbẹ, ẹfun á fa òróró jáde. Ẹ máa rí i tí ẹfun funfun yẹn ń di ilẹ̀pa. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ kun òmíràn, títí ẹfun fi máa gbẹ tí yóò ṣì funfun. Acetone ń gba iná kíákíá, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí iná. Kí igi náà tó mọ́ báyìí, ẹ má dá gọ́ọ̀mù kankan láàmú. Gọ́ọ̀mù kì í di igi tó mu òróró mú.

Ìlà náà ńkọ́? Bó bá ti mọ́, ẹ rọra fi èèkàn igi tín-ín-rín ṣí i díẹ̀, ẹ da acetone sí i kó fọ inú rẹ̀, kó gbẹ. Epoxy (gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀) tó ń pẹ́ kó tó gan ni kí ẹ fi sí i, èyí tó ń gan kíá kò ní ráyè wọlé. Ẹ fi èémí tì í lọ sí òdìkejì tàbí kí ẹ fi òwú tín-ín-rín fà á wọlé títí yóò fi yọ lódìkejì. Ẹ yọ èèkàn, ẹ fi rọ́bà wé e pinpin, kí ẹ nu èyí tó bá yọ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Bàbá_Onígi

Atúnṣe, o ṣeun. Mo fi kan kún un. Lẹ́yìn bàbà tó ń mì yẹn, igi tó bá ti rọ̀ ju kí a wò ó sàn lọ, gbẹ́ ẹ kúrò, kí o fi igi tó le tí iṣan rẹ̀ dojú kọ irin dí i, kì í ṣe kí iṣan rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ iṣan ń tẹ̀, orí iṣan kì í tètè tẹ̀. Kí o wá dá bàbà padà sórí rẹ̀, kí o máa fi fáìlì ré e díẹ̀díẹ̀, kí o máa gbé irin sí i wò. Kun èéfín àtùpà sójú irin kí o lè rí ibi tó ń kàn. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ kàn dọ́gba. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń gba gbogbo rẹ̀, igi tuntun náà á là.

Yẹ inú ihò síkúrù iwájú wò bákan náà, ìyẹn èyí tó wà níwájú irin tó yí ibi tí ìka ń fà ká. Òrùka irin kan ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí síkúrù fún igi pa. Àwọn tó ń sọ ìbọn di tọdẹ máa ń sọ ọ́ nù.

Àdùkẹ́_Ayùn

Ọ̀rọ̀ iwájú wá kù. Ní tèmi, kí ẹ wá igi iwájú ìbọn mìíràn tó ti bà jẹ́ lẹ́yìn, tí iwájú rẹ̀ ṣì dára, kí ẹ gé iwájú yẹn, kí ẹ sì so ó mọ́ tiyín. Wọ́n gé tiyín síwájú òrùka àárín díẹ̀, oríire nìyẹn, nítorí òrùka yẹn á bo ojú ibi tí ẹ bá ti so ó. Bí ẹ bá so ó tán dáadáa, ẹni tí kò tú ìbọn ò lè mọ̀.

Bàbá_Onígi

Rárá o, Àdùkẹ́. Odindi igi iwájú ni kó wá. Igi tó ní ìlà lẹ́yìn, tó rọ̀ níbi bàbà, tí wọ́n tún gé lórí, kí ló kù nínú rẹ̀?

Àdùkẹ́_Ayùn

Ohun tó kù níbẹ̀ ni ibi tó bá ara irin yìí mu, Bàbá. Igi iwájú SMLE kì í ṣe ohun tí a ń bọ̀ wọ̀ bí ó bá ṣá ti jẹ́ SMLE. Àwọn oníṣẹ́ nílé iṣẹ́ ló fi ọwọ́ bá irin kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ẹ. Bó bá rí odindi mìíràn, yóò tún ní láti bá gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ wí láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn ibi bàbà, ìjókòó síkúrù, àlàfo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ yẹn le ju síso iwájú lọ fún ẹni tí kò ṣe é rí. Ìlà tó gùn tó oríkèé ìka kan, epoxy á mú un.

Ìtàn_Ogun

Mo dúró sẹ́yìn Àdùkẹ́ lórí èyí. Òǹkà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ igi iwájú máa ń bá ti ara irin mu, ṣùgbọ́n iwájú pátápátá ni wọ́n sábà ń tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí náà ayùn ti gbé e lọ. Síbẹ̀ ẹ̀yìn igi náà ṣì jẹ́ èyí tí wọ́n bí mọ́ ìbọn yìí ní 1942.

Bàbá_Onígi

Ó dáa. Bí ẹ̀yìn bá dúró lẹ́yìn epoxy, kí ó so ó. Bí ìlà náà bá tún ṣí nígbà tó bá ń to ó pọ̀, kí ó wá odindi. Lórí ìyẹn, mi ò ní yẹ̀.

Àdùkẹ́_Ayùn

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ, ẹ má so ó ní orí sí orí, kò ní lágbára. Ẹ gé ìdajì sísanra kúrò lára ọ̀kan lókè, ìdajì lára èkejì nísàlẹ̀, kí wọ́n gun ara wọn. Ẹ rí i pé ìlà ojúde bọ́ sábẹ́ òrùka. Coachwood mọ́ coachwood, kí ìṣàn iṣan wọn sì dọ́gba.

Kí ó má baà wọ́, ọ̀pá ìbọn gan-an ni kí ẹ fi tọ́ ọ. Ẹ kun ìda sí ọ̀pá náà dáadáa, gbogbo ibi tí epoxy lè dé, títí kan ihò síkúrù. Ẹ gbé igi ẹ̀yìn sí i, ẹ dè é, ẹ fi epoxy sí ojú méjèèjì, kí ẹ gbé iwájú náà sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú irin imú ìbọn lórí rẹ̀, kí ẹ wé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà. Ó máa gan ní títọ́ nítorí ọ̀pá ló ń darí rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìda o. Epoxy tó bá mú ọ̀pá mọ́ igi kì í tú sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ó yé mi. Ibi tó jìn wọlé lára ìdí àti dúdú àyíká síkúrù ńkọ́? Òróró wo ni mo sì máa lò?

Atúnṣe

Ibi tó jìn: fi aṣọ tó rin fún omi lé e, gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ náà títí yóò fi rú èéfín, gbé e kúrò, tún un ṣe. Igi tí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ á wú padà. Èyí tí nǹkan gé iṣan rẹ̀ kò ní wú, fi í sílẹ̀. Má ṣe é nítòsí àmì tí wọ́n tẹ̀ sára igi, nítorí àmì náà, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, yóò wú kúrò.

Dúdú àyíká síkúrù, ìpẹtà irin ló wọ inú igi. Oxalic acid tí a pò mọ́ omi gbígbóná ń fọ̀ ọ́. Kùn ún díẹ̀díẹ̀, kí o wá fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa. Májèlé ni, ìbọ̀wọ́ ṣe dandan, má sì jẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fò wọ imú.

Ọdẹ_Àárọ̀

Òróró tung ni kí ẹ lò. Ó ń kọ omi ju línsíìdì lọ. Ìbọn tó ń wọ igbó nínú òjò ni mò ń sọ.

Ìtàn_Ogun

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé tung ń kọ omi. Ṣùgbọ́n tiwọn, línsíìdì tútù ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì àti Australia ń lò, ohun tó sì ń béèrè ni pé kó padà sí bó ṣe rí. Tútù ni mo wí, kì í ṣe èyí tí wọ́n pè ní bíbọ̀. Èyí tí wọ́n pè ní bíbọ̀ ti ní oògùn tó ń mú un tètè gbẹ, ó máa ń dúró lójú igi, ó ń dán. Tútù ń wọlé lọ. Ó ń pẹ́ kó tó gbẹ, ẹ ṣe sùúrù.

Bàbá_Onígi

Fún ìgbà àkọ́kọ́, inú igi ni kó mu ún jù, níbi tí ojú ò rí: ihò ọ̀pá, ẹ̀yìn igi iwájú, inú ihò ìdí. Ibẹ̀ ni òógùn àti òjò ti ń wọlé. Ojúde wá tẹ̀ lé e. Fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí igi á fi gbóná, nu èyí tó ṣẹ́ kù, kí o jẹ́ kó gbẹ kí o tó fi òmíràn sí i. Má kun aró sí i. Coachwood á ṣókùnkùn fúnra rẹ̀.

Àdùkẹ́_Ayùn

Aṣọ tí ẹ bá fi nu línsíìdì, ẹ má ká a jọ síbì kan, ẹ má sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Bó ṣe ń gbẹ ló ń gbóná, aṣọ tí a ká jọ lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìta títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ kì í bọ inú omi nínú agolo onídèérí.

Bàbá_Onígi

Nígbà tí o bá ń to ó pọ̀, igi ìdí ló ṣáájú. Fún un pinpin kó má mì rárá nínú ihò irin rẹ̀, kí igun mẹ́rin ṣónṣó irin gígùn náà sì dúró ní títọ́ kí irin pẹlẹbẹ lè wọ̀ ọ́. Igi iwájú ló tẹ̀ lé e. Irin kékeré kan àti sípíríìngì rẹ̀ wà nínú igi iwájú tó ń rọra ti ọ̀pá sókè. Àwọn tó gé igi sábà máa ń yọ ọ́ sọnù, nítorí náà wá òmíràn kí o tó de irin imú. Igi méjèèjì tó ń bo ọ̀pá ló kẹ́yìn. Èyí ẹ̀yìn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń di ọ̀pá mú. Tẹ̀ ẹ́ wọlé ní títọ́ láti òkè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, má fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú, ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti máa ń là.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Mo ti rí igi iwájú Lithgow kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, coachwood ni, orí rẹ̀ pé. Ẹfun ló wà lórí tèmi báyìí, ó ṣì ń di ilẹ̀pa. N kò ní bẹ̀rẹ̀ síso títí tí yóò fi funfun.